Ọwọ́ Tó Nà Sẹ́yìn

Nínú eré ẹlẹ́ni-mẹ́rin, èmi ni mo máa ń gbé ọ̀pá lé Kúbúrátù lọ́wọ́.
Èmi nìkẹta, òun nìkẹrin,
òun làwọn oníwèé-ìròyìn ń ya fọ́tò rẹ̀.
N kò bínú. Rárá, ẹ jẹ́ n sòótọ́: mo bínú díẹ̀.
Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti sáré dé ẹ̀yìn rẹ̀ rí,
tó rí àtẹ́lẹwọ́ yẹn tó nà sẹ́yìn láìbojú wẹ̀yìn,
tó ṣí sílẹ̀ bí ilẹ̀kùn ilé ìyá ẹni,
onítọ̀hún ò lè di kùnsínú pẹ́.

Kúdẹtì la ti bẹ̀rẹ̀, lórí ilẹ̀ pupa
tí eruku rẹ̀ ń wọ ìbọ̀sẹ̀ funfun tí kì í jáde mọ́.
Ìyá rẹ̀ a ní, "Ọmọbìnrin wo ló ń sáré bí ẹni jí adìyẹ?"
A dáhùn pé, "Èyí tí wọn ò lè mú ni."

Ọdún tá a lọ díje nílùú Bìní,
iṣan ẹ̀yìn orúnkún rẹ̀ já.
Mo gbọ́ ọ. Ó dún bí igi ìdáná tí wọ́n ṣẹ́.
Ó ṣubú, kò ju ọ̀pá sílẹ̀.
Dókítà ní eré ti parí.
Àdúgbò ní, "A wí bẹ́ẹ̀."

Ìgbà tí mo tún máa rí i,
ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kan ni, ní Mọ́lété.
Ọ̀pá mìíràn ló dì mú, irin gbọọrọ,
táyà ọkọ̀ akẹ́rù lọ́tùn-ún, òmíràn lósì.
"Kí lò ń ṣe níbí?"
"Mò ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń dúró."
Ó ní ẹni tó ń sáré, ilẹ̀ ló ń tì dànù;
ẹni tó ń gbé irin, ilẹ̀ ló ń bẹ̀.
Ọdún mẹ́jọ ló fi bẹ ilẹ̀.
Ó gba wúrà méjì, fàdákà kan,
àti ìlérí ilé kan
tá ò tíì fojú kan kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ dòní.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ ta pápá Kúdẹtì fún elépo,
tí wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sára ògiri,
àwọn ọkùnrin wa ní, "Ìjọba ni, kí la fẹ́ ṣe?"
Kúbúrátù gbé àga, ó jókòó sójú ìlà ìbẹ̀rẹ̀ eré.
Ọjọ́ mọ́kàndínlógún. Òjò pa á, oòrùn gbẹ ẹ́.
Ẹni tó wa katapílà sọ̀ kalẹ̀: "Ìyá, ẹ dìde."
Ó ní, "Mo ti gbé ohun tó wúwo jù mí lọ rí.
Ó kàn ọ́. Gbé mi."

Ní Agodi, wọ́n fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́ta.
Kò rojọ́. Orúkọ ló ń kà látinú ìwé àwọ̀ búlúù kan,
àwọn ọmọbìnrin tó ti sáré lórí ilẹ̀ yẹn:
èyí tó di nọ́ọ̀sì,
èyí tó bá ìrọbí lọ,
èyí tó ń ta káàdì fóònù ní Bẹẹrẹ,
ó sì ka tèmi, tí ìwé-ìròyìn kankan ò kọ rí.
Agogo lù. Kò gbọ́.
Tàbí ó gbọ́.

Wọ́n ta ìdajì.
Ẹ má jẹ́ kẹ́nì kan parọ́ fún yín pé a borí.
Òórùn epo ń bá àwọn ọmọ níbi tí wọ́n ti ń sáré,
wọn a tètè ṣẹ́rí padà,
torí ìlà ò gùn tó mọ́.

Láàárọ̀ àná, orúnkún ò jẹ́ kó dìde.
Ó ránṣẹ́ pè mí. Mo fẹ́ wojú rẹ̀,
ó ní, "Kọjú síwájú, jàre. Nawọ́ sẹ́yìn."
Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta, láàárín pálọ̀,
mo nawọ́ sẹ́yìn.
Ohun tútù kan bọ́ sí i: fèrè rẹ̀,
okùn rẹ̀ ṣì ń rùn fún òógùn.